Ìdàrọ́ Nínú Dída Sítíìlì Láìdáwọ́dúró: Àyẹ̀wò Ìyàtọ̀ Láàrin 'Dì' àti 'Yọ Hóró'

1. Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti wúlò níbi ìsọmọlórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó wúlò níbi iṣẹ́ èdè-ìperí. Onítumọ̀ tí yóò wá orúkọ fún ohun kan nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní láti kọ́kọ́ wo ilé ohun náà: ohun tí a fi ṣe é, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti àṣìṣe tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èròǹgbà àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lórí ìdàrọ́, pàápàá jù lọ irú ìdàrọ́ tí a ń lò nígbà tí a bá ń da sítíìlì láìdáwọ́dúró. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni ó fa ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe dì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì gbòòrò: omi a máa dì, ẹ̀jẹ̀ a máa dì, ẹ̀kọ a máa dì, epo pupa náà a sì máa dì nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àpótí tí a ti ń da sítíìlì, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdàrọ́ ń gbà dì. Ó lè dì bíi dígí, ó sì lè dì ní hóró-hóró. Èyí tí ó bá ṣe nínú méjèèjì ní ipa lórí bóyá irin tí ń jáde yóò là tàbí kò ní í là, àti bóyá ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí náà yóò wà nínú ewu. Bí olùkọ́ bá wá ń fi dì nìkan sọ méjèèjì, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ náà ti sọnù kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ọ.

2. Ọ̀rọ̀ náà 'ìdàrọ́' àti ìlò rẹ̀

Ìdàrọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn Yorùbá ti ń yọ irin láti inú òkúta kí àwọn Òyìnbó tó dé. Ní ọdún 1904, C. V. Bellamy kọ àpilẹ̀kọ kan sínú jọ́nà ẹgbẹ́ àwọn onírin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti ṣàpèjúwe ilé ìyọrin kan ní abúlé Ọlá-Igbi lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Nínú iléru alámọ̀ bẹ́ẹ̀, irin gan-an kì í yọ́ pátápátá, nítorí pé ó ní láti gbóná tó 1,538°C kí irin tó di olómi. Ohun tí ó ń yọ́ ni ìdàrọ́, èyí tí iyanrìn àti apá kan nínú òkúta irin pò pọ̀ dá. Ìdàrọ́ ń ṣàn kúrò, irin a sì kù sílẹ̀ bíi kànìnkànìn, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ yóò wá rọ. Níbikíbi tí wọ́n bá ti yọ irin láyé àtijọ́, òkìtì ìdàrọ́ dúdú tí ó wúwo ni ẹ̀rí tí ó máa ń pẹ́ jù lórí ilẹ̀.

Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì ń wá ọ̀rọ̀ fún pàǹtírí tí ń jáde lára fàdákà nínú ìwé Aísáyà, ìdàrọ́ ni wọ́n mú. Láti ìgbà náà wá ni etí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ohun àìníláárí, ohun tí a ń dà nù.

Ìtumọ̀ yẹn kò kúnjú òṣùwọ̀n mọ́. Ẹni tí ó bá gba agbègbè Fájuyì kọjá ní Adó-Èkìtì, tàbí òpópónà ìlú Yorùbá mìíràn, kò ní í ṣàì mọ iṣẹ́ ajórinmọ́rin, tí àwọn ènìyàn ń pè ní wẹ́dà. Lẹ́yìn tí ó bá ti jó irin méjì pọ̀ tán, yóò mú òòlù kékeré, yóò fi kan èèpá dúdú tí ó bo ojú ibi tí ó jó, èèpá náà yóò sì ré. Ìdàrọ́ ni èèpá yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdọ̀tí irin. Ara ohun tí a fi bo ọ̀pá ìjórin ni ó ti wá. Àwọn tí wọ́n ṣe ọ̀pá náà mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ kí ó lè yọ́, kí ó bo irin gbígbóná, kí afẹ́fẹ́ má bàa bà á jẹ́. Nínú irú ọ̀pá ìjórin kan, láìmù àti flúọ́ráìdì kálísíọ̀mù wà lára ohun tí a fi bò ó. Àwọn èròjà wọ̀nyí náà ni a óò tún bá pàdé nínú àpótí ìdàrin.

Nítorí náà, ó yẹ kí a fẹ ìtumọ̀ ìdàrọ́ lójú. Kí ó máa tọ́ka sí gbogbo àpòpọ̀ ọ́kísáìdì yíyọ́ tí ń bá irin rìn nínú iná, ìbáà jẹ́ pàǹtírí tí a ń dà nù, ìbáà jẹ́ ààbò tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Èyí tí a ń lò nínú àpótí ìdàrin ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní ìdàrọ́ àpótí.

3. Bí a ti ń da sítíìlì láìdáwọ́dúró

Láyé àtijọ́, inú àpótí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń da sítíìlì sí, tí a óò dúró kí ó dì, tí a óò sì yọ ọ́. Nínú ìlànà ìgbàlódé, dídà náà kì í dáwọ́ dúró. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ sítíìlì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Aládjà lẹ́bàá Warri, tí a ṣí ní ọdún 1982, wà lára àwọn tí a kọ́ sórí ìlànà yìí. Láti ibẹ̀ ni a ti ṣètò pé kí ọ̀pá sítíìlì tí a ti dà máa lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìfarin-gùn ní Òṣogbo, Jọ́ọ̀sì àti Kàtsínà, níbi tí a óò ti fà wọ́n gùn di irin ìkọ́lé.

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ nìyí. Ìkòkò ńlá ni ó ń gbé sítíìlì yíyọ́ wá láti inú iléru. A óò tú u sínú ọpọ́n kan tí ń pín in, láti inú ọpọ́n ni yóò sì ti máa sàn sínú àpótí ìdàrin. Bàbà ni a fi ṣe àpótí yìí. Kò ní ìsàlẹ̀, omi tútù sì ń sàn lẹ́yìn ògiri rẹ̀ láìdúró. Bí sítíìlì tí ó ju 1,500°C lọ bá ti fara kan àyíká tútù yìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò dì, yóò sì di awọ irin tín-ín-rín, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì jẹ́ olómi. Àwọn ẹ̀rọ ń fà á lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ń wọ́n omi sí i lára, awọ náà ń nípọn sí i, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dì dé inú. Àpótí náà kì í dúró sójú kan: ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kí irin má bàa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ibi tí a bá ti ń da ọ̀pá kékeré, òróró ni a sábà máa ń fi pa ògiri àpótí. Ṣùgbọ́n ní ibi tí a bá ti ń da irin pẹlẹbẹ tàbí ọ̀pá ńlá, ìyẹ̀fun ni a ń bù sórí sítíìlì yíyọ́. Láìmù, sílíkà, alúmínà, sódà àti flúọ́ráìdì kálísíọ̀mù wà nínú ìyẹ̀fun yìí, pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù díẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó tètè yọ́ jù. Bí ìyẹ̀fun bá yọ́, ó di ìdàrọ́ àpótí. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀: kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan sítíìlì, kì í jẹ́ kí ojú rẹ̀ tutù, ó ń fa ìdọ̀tí mọ́ra. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé ó ń ṣàn lọ sáàrin awọ irin àti ògiri bàbà.

4. Ìpele mẹ́ta

Ibi tóóró tí ó wà láàrin awọ irin àti bàbà yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ìdàrọ́ tí ó wọ ibẹ̀ kò sábà nípọn ju mílímítà kan tàbí méjì lọ, síbẹ̀ ìpele mẹ́ta ni a lè rí nínú rẹ̀. Èyí tí ó fara kan bàbà tutù lójijì, ó sì dì bíi dígí. Èyí tí ó wà láàrin ń tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì yọ hóró. Èyí tí ó fara kan awọ irin kò dì rárá; ó wà ní olómi, òun ni ó sì ń ṣe bí òróró fún irin láti máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀.

Kókó kan wà níhìn-ín tí onímọ̀ èdè kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ìpele dígí tí ó wà lẹ́bàá bàbà kì í fi ìgbà gbogbo dúró bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá pẹ́ lára rẹ̀, dígí tí ó ti dì tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ hóró, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ padà di omi. Ní òdìkejì, ìdàrọ́ tí ó ṣì jẹ́ olómi lè ti máa yọ hóró nínú, kí ó tó dì tán. Èyí fi hàn gbangba pé dídì àti yíyọ hóró kì í ṣe ohun kan náà. Èkíní lè ṣẹlẹ̀ kí èkejì tó ṣẹlẹ̀, èkejì sì lè bẹ̀rẹ̀ kí èkíní tó parí. Bí èdè kan kò bá lè sọ pé 'ó ti dì kí ó tó yọ hóró', èdè náà kò tíì lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí.

5. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú dídì méjèèjì

Nínú ìdàrọ́ olómi, àwọn ẹ̀yà sílíkà so kọ́ra bí òwú tí ó lọ́ pọ̀. Láìmù àti sódà ń gé òwú náà kúkúrú, èyí ni ó sì ń mú kí ìdàrọ́ ṣàn dáadáa. Nígbà tí ó bá ń tutù, àwọn ẹ̀yà yìí fẹ́ tò sí ààyè wọn ní ẹsẹẹsẹ. Àfiwé kan lè ran olùkọ́ lọ́wọ́. Bí a bá lu agogo fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń ṣeré, tí a sì fún wọn láyè, wọn yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá pàṣẹ lójijì pé kí kálukú dúró síbi tí ó wà, gbogbo wọn yóò dúró, ṣùgbọ́n kò ní í sí ìlà kankan. Àwùjọ kìíní ni hóró, àwùjọ kejì ni dígí. Àwọn méjèèjì ti dúró. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó tò.

Ìgbà tí hóró ń tètè yọ jù kì í ṣe ìgbà tí ìdàrọ́ gbóná jù, kì í sì í ṣe ìgbà tí ó tutù jù. Bí ó bá gbóná jù, hóró kò rí ìdí tí yóò fi fìdí múlẹ̀. Bí ó bá tutù jù, ìdàrọ́ ti ki débi pé àwọn ẹ̀yà kò lè rìn dé ààyè wọn. Àárín méjèèjì ni ó ti ń yá. Láti mọ àárín yìí, àwọn onímọ̀ máa ń gbé ẹ̀kán ìdàrọ́ kan ró sára wáyà pílátínọ́ọ̀mù tín-ín-rín. Wáyà kan náà ni ó ń mú un gbóná tí ó sì ń wọn ìgbóná rẹ̀, wọ́n sì ń fi maikirosíkópù wò ó. Bí ẹ̀kán náà bá dì bíi dígí, yóò mọ́ gaara. Bí hóró bá yọ, yóò di bàìbàì.

Nínú ọ̀pọ̀ ìdàrọ́ àpótí, hóró tí ó ṣáájú ni kúsípídáìnì, èyí tí láìmù, sílíkà àti flúọ́ráìdì kálísíọ̀mù pa pọ̀ dá. Bí láìmù bá ti pọ̀ tó ní ìfiwéra pẹ̀lú sílíkà, bẹ́ẹ̀ ni hóró ṣe ń rọrùn láti yọ tó.

Àwọn àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ilé kò ṣọ̀wọ́n. Nígbà ọyẹ́, ẹni tí ó bá wo ìgò epo pupa yóò rí i pé apá kan ti di hóró-hóró nísàlẹ̀ nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì jẹ́ olómi. Òrí tí ó bá tutù díẹ̀díẹ̀ a máa ní hóró tí ọwọ́ lè mọ̀, nígbà tí èyí tí a mú tutù kíákíá a máa jọ̀lọ̀. Àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù. Nínú ilẹ̀ jíjìn ni òkúta yíyọ́ ti tutù fún ọdún àìníye, ìdí nìyẹn tí ojú lásán fi lè rí hóró inú rẹ̀. Fún dígí, kò sí àpẹẹrẹ tí ó kọjá ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ẹ̀rí pé àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe dígí fúnra wọn láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, láìmù àti alúmínà sì pọ̀ nínú dígí náà. Àwọn tí wọ́n ṣe ìlẹ̀kẹ̀ yìí ti mọ bí a ti ń mú irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ dì láìjẹ́ kí ó yọ hóró.

6. Ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi ṣe pàtàkì

Ìpele tí ó ti yọ hóró kì í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa bí ìpele dígí. Ìdí méjì ni ó wà. Àkọ́kọ́, ìtànṣán ooru tí ó lè gba inú dígí kọjá a máa fọ́n káàkiri bí ó bá kan ojú hóró. Èkejì, nígbà tí hóró bá yọ, ìdàrọ́ a súnkì, ojú rẹ̀ a sì rí ṣákiṣàki, àlàfo kékeré a wá wà láàrin rẹ̀ àti bàbà.

Irú sítíìlì kan wà tí ó nílò èyí. Sítíìlì tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá 0.1 sí 0.17 nínú ọgọ́rùn-ún a máa súnkì gidigidi ní kété tí ó bá dì, nítorí pé ìtò inú rẹ̀ ń yí padà. Bí a bá mú un tutù kíákíá, awọ rẹ̀ kò ní í nípọn bákan náà yíká, yóò sì là. Irú sítíìlì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìdàrọ́ tí ń yọ hóró púpọ̀.

Irú mìíràn wà tí awọ rẹ̀ kì í lágbára tó, tí ó sì máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ àpótí. Ìdàrọ́ tí ó dì bíi dígí, tí ìpele olómi rẹ̀ sì pẹ́ kí ó tó dì, ni ó yẹ fún un. Bí ìdàrọ́ rẹ̀ bá tètè yọ hóró jù, ìpele olómi yóò fẹ́ẹ̀rẹ́, awọ irin yóò lẹ̀ mọ́ bàbà, yóò sì ya. Nígbà tí ibi tí ó ya bá jáde nísàlẹ̀ àpótí, sítíìlì olómi yóò tú jáde. Ìbẹ́-awọ ni àpilẹ̀kọ yìí pe ìjàǹbá yìí. Ó ń ba ẹ̀rọ jẹ́, ó ń dá iṣẹ́ dúró, ó sì lè pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí: 'Bí ìdàrọ́ bá tètè dì, ooru yóò dínkù.' Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbà á gbọ́ yóò rò pé ìdàrọ́ dígí náà ń dín ooru kù bíi ti oníhòóró, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tí ó tọ̀nà ni: 'Bí ìdàrọ́ bá yọ hóró, ooru tí ń kọjá sí bàbà yóò dínkù.'

7. Yíyan ọ̀rọ̀

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fi ń dá èdè-ìperí sílẹ̀ ti hàn nínú Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní ọdún 1990. Ìfẹ̀-ìtumọ̀, àpèjúwe, ìsopọ̀ ọ̀rọ̀ àti àyálò wà lára wọn.

Kírísítálì, tí í ṣe àyálò, ṣe é lò, kò sì ní í ṣi onímọ̀ lọ́nà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ ohunkóhun fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sì ṣòro láti fi ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Òkúta dídán kò yẹ, nítorí pé dígí náà ń dán. Hóró ni ó ṣáájú wọn. A ti ń sọ hóró iyọ̀, iyọ̀ sì jẹ́ kírísítálì ní tòótọ́. Àtakò tí ẹnìkan lè mú wá ni pé a tún ń sọ hóró ẹ̀pà, èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn sí èyí ni pé kí a pe ohun náà ní hóró ẹlẹ́tò nígbà tí a bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, kí a sì máa pè é ní hóró lásán lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a dá lábàá:

dì, dídì: kí ohun olómi di ohun tí kò ṣàn mọ́, lọ́nàkọnà.
dì bíi dígí: kí ó dì láìjẹ́ pé àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ tò.
hóró ẹlẹ́tò: ohun líle tí àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ tò ní ẹsẹẹsẹ.
yọ hóró, yíyọ-hóró: kí hóró ẹlẹ́tò hù jáde nínú olómi tàbí nínú dígí.
ìdàrọ́ àpótí: ìdàrọ́ tí a fi ń dáàbò bo irin nínú àpótí ìdàrin.
awọ irin: apá òde irin tí ó ti dì nígbà tí inú rẹ̀ ṣì yọ́.
ìbẹ́-awọ: ìjàǹbá tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí awọ irin bá ya.

Àmì ohùn ṣe pàtàkì nínú wọn. 'Ìdàrọ́ yọ́' túmọ̀ sí pé ó di olómi. 'Ìdàrọ́ yọ hóró' fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni dì kì í ṣe di. Olùkọ́ tí ó bá kọ wọ́n sójú pátákó láìfi àmì sí wọn ti dá iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe rú.

8. Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìdàrọ́ yẹ kí ó kúrò ní ipò pàǹtírí nínú èdè-ìperí, àti pé dídì àti yíyọ hóró jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ méjì. Láti ọdún 1970 tí ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè bóyá èdè náà lè ru ẹrù yìí ti rí ìdáhùn. Ohun tí ó kù ni kí a di ẹrù náà dáadáa. Ajórinmọ́rin tí ó wà ní Fájuyì ń fi òòlù kan ìdàrọ́ lójoojúmọ́. Ìyá tí ń ta epo mọ ìgbà tí epo rẹ̀ yọ hóró. Àwọn méjèèjì ti ní ìmọ̀ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ olùkọ́ àti onítumọ̀ ni láti fún ìmọ̀ yẹn ní orúkọ tí kò ní í ṣì wọ́n lọ́nà.